Gain kì í ṣe fọ́lúùmù: àwọn bọ́tìnnì tí ohùn ń gbà wọ inú míkísà

Lórí míkísà kékeré tí à ń lò nílé, nǹkan méjì ló máa ń jọra lójú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Èkíní ni bọ́tìnnì yíyí tó wà lókè pátápátá, tí wọ́n kọ GAIN tàbí TRIM sí nídìí. Èkejì ni fader tí à ń tì sókè tì sódò nísàlẹ̀ (lórí àwọn míkísà mìíràn, bọ́tìnnì yíyí tí wọ́n kọ LEVEL sí ló wà níbẹ̀). Èyíkéyìí tí ẹ bá gbé sókè nínú méjèèjì, ohùn á lọ sókè, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn yàtọ̀ gedegbe. Gain ló ń pinnu bí ohùn ṣe máa wọlé. Ohun tó bá ti wọlé tán ni fader ń bù jáde. Bí ohùn bá ti fọ́ níbi gain, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Bí ẹ bá fa fader wálẹ̀, ohùn á rọlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n fífọ́ náà ni yóò ṣì máa fọ́.

Iná tí máìkì ń fi ránṣẹ́ kéré jọjọ, ìdá díẹ̀ nínú ẹgbẹ̀rún volt ni. Ti kíbọ́ọ̀dù tàbí ti fóònù lè súnmọ́ odindi volt kan. Nítorí náà míkísà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ti máìkì ga kó tó lè bá a ṣiṣẹ́. Preamp ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, gain la sì fi ń darí rẹ̀. Bí gain bá kéré jù, ẹ ó máa wá ohùn náà gbé sókè lẹ́yìn, ariwo ṣíì abẹ́ rẹ̀ á sì bá a gòkè. Bó bá pọ̀ jù, orí ohùn á gé, á máa ya.

Ibi tí ẹ ti wáyà bọ̀ náà ṣe kókó. Ihò XLR oníhò mẹ́ta wà fún máìkì, ihò jack 6.35 mm wà fún kíbọ́ọ̀dù. Gìtá oníná tí kò ní bátìrì nínú kò bá ihò kíbọ́ọ̀dù mu: ohùn rẹ̀ á kú, dídán rẹ̀ á lọ. Bọ́tìnnì Hi-Z (tí wọ́n ṣe fún irú gìtá bẹ́ẹ̀) ni kí ẹ wá fún un, bí míkísà yín kò bá sì ní in, ẹ gba inú DI box, àpótí kékeré tó ń sọ ohùn gìtá di irú èyí tí ihò máìkì lè gbà.

Bọ́tìnnì +48V ń fi iná 48 volt ránṣẹ́ sí máìkì condenser, tí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí i. Máìkì dynamic bíi Shure SM58 kò nílò rẹ̀, kò sì ní bà á jẹ́ bí wáyà bá dára. Máìkì ribbon àtijọ́ (èyí tó ní ọ̀já irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nínú) ni kí ẹ ṣọ́ra fún, pàápàá bí wáyà bá ní àbùkù. Lórí ọ̀pọ̀ míkísà kékeré, bọ́tìnnì kan yìí ló ń bá gbogbo ihò XLR ṣiṣẹ́. Ẹ fa fader wálẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdún gbàmù tó máa jáde lè ba spíkà jẹ́.

Ó wá kan yíyí gain fúnra rẹ̀. Ẹ fa fader wálẹ̀, ẹ yí gain dé òpin lápá òsì, ẹ fi bọ́tìnnì EQ (àwọn tó ń fi kún ohùn ìsàlẹ̀ tàbí ti òkè, tó sì ń dín in kù) sí àárín. Ẹ tẹ PFL tó wà lórí chánẹ́ẹ̀lì náà, kí mítà lè máa fi ohun tó ń wọlé hàn kó tó dé fader. Kí olórin wá kọ ibi tó le jù nínú orin rẹ̀. Kíka “one, two” kò tó rárá, torí ohùn jẹ́jẹ́ la fi ń ka iyẹn, bí orin bá sì gbóná tán, ohùn á ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹ máa yí gain lọ díẹ̀díẹ̀ títí mítà fi ń ṣeré lágbègbè 0. Bí iná pupa PEAK bá ṣẹ́jú pẹ́nrẹ́n, ẹ dá a padà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tú PFL, kí ẹ wá ti fader dé àmì 0.

Bí ẹ bá ń gba ohùn sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, 0 ti kọ̀ǹpútà kì í ṣe ẹgbẹ́ 0 ti míkísà. Nínú kọ̀ǹpútà, òkè àjà ni 0, kò sí ibòmíràn lókè rẹ̀. Ẹ fi ètò ìgbohùnsílẹ̀ sí 24-bit, kí ohùn máa rìn lágbègbè -18 dB (dB la fi ń díwọ̀n bí ohùn ṣe lágbára tó), kí ibi tó ga jù má kọjá -6. Ọ̀pọ̀ míkísà USB kékeré sì jẹ́ pé àpapọ̀ gbogbo chánẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà. Bí kọ̀ǹpútà bá ń pọ́n tí PEAK kankan kò tàn, àpapọ̀ yẹn ló pọ̀ jù: fader ni kí ẹ fà wálẹ̀. Bí mítà kọ̀ǹpútà bá wà nílẹ̀ síbẹ̀ tí ohùn ń ya, gain ni ẹ lọ wò.

Bí ìyáàlù tàbí fèrè trumpet bá wà níwájú máìkì, tí PEAK ń tàn bí gain tilẹ̀ ti wà ní òpin òsì, ẹ tẹ PAD. Á gé ohùn náà kù ní 20 tàbí 26 dB, bí míkísà bá ṣe rí.

Bọ́tìnnì low cut ń gé ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lábẹ́ 80 tàbí 100 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan): ìgbọ̀n jẹnẹrétọ̀, atẹ́gùn fáànù, ẹsẹ̀ tó ń kilẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ fún ohùn èèyàn. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ fún gìtá bass, tí okùn rẹ̀ tó nípọn jù ń dún ní 41 Hz. Kò sì lè wo kíkùn hùùù tí iná mànàmáná ń fà sàn tán, nítorí pé 50 Hz ti iná wa máa ń bí 100 àti 150. Ẹ so míkísà àti láptọ́ọ̀pù mọ́ extension kan náà, tàbí kí ẹ yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù wò.

Bí ariwo ṣíì bá ṣì ń yọ yín lẹ́nu, ẹ sún mọ́ máìkì kí ẹ tó fi kún gain. Láti 30 cm sí 15 cm, ohùn olórin á fi nǹkan bíi 6 dB gòkè, ariwo yàrá á sì wà bó ṣe wà.