Òǹtẹ̀ kékeré tó ń jẹ́ kí jẹjẹrẹ rìn

Ìbéèrè tí àwọn aláìsàn máa ń bi mí jù nìyí: "Dókítà, ọyàn ni jẹjẹrẹ yìí ti bẹ̀rẹ̀, báwo ló wá ṣe dé inú eegun?" Ọ̀pọ̀ ló rò pé jíìnì kan ló bàjẹ́, òótọ́ sì wà níbẹ̀, àmọ́ nígbà míì jíìnì yẹn wà digbí, kò sóhun tó ṣe é, wọ́n kàn tì í pa ni.

Ẹ wò ó, DNA, ìyẹn okùn tín-ín-rín tí àwọn jíìnì wa wà lórí ẹ̀, tinú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, tá a bá nà án tán, ó máa tó bíi mítà 2, torí ẹ̀ ló ṣe wé mọ́ àwọn prótíìnì tí wọ́n ń pè ní histone, bí òwú ṣe ń wé mọ́ kẹ̀kẹ́ òwú. Àwọn ẹ́ńsáìmù kan, ìyẹn prótíìnì tó ń ṣe iṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì, wá wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa lu òǹtẹ̀ methyl mọ́ prótíìnì lára, kábọ́ọ̀nù 1 àti háídrójìn 3 péré ni o, nǹkan bíńtín. Èyí tí orúkọ ẹ̀ ń jẹ́ EZH2, ibì kan báyìí lára histone H3 ló máa ń lù ú sí, tí òǹtẹ̀ bá ti pé mẹ́ta níbẹ̀, ibẹ̀ á fún pọ̀, jíìnì tó wà níbẹ̀ á dákẹ́.

Tó bá wá lọ jẹ́ jíìnì E-cadherin ló pa lẹ́nu mọ́ ńkọ́? Wàhálà dé nìyẹn. E-cadherin yìí ló ń di sẹ́ẹ̀lì mú mọ́ ara wọn, tí ò bá sí mọ́, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ á tú, á wọnú ẹ̀jẹ̀, á lọ tẹ̀dó síbòmíì. Ní 2002 ni àwọn olùṣèwádìí ti jáde sọ pé EZH2 pọ̀ nínú jẹjẹrẹ próstéètì tó ti ràn ju èyí tó ṣì wà lójú kan lọ. (Histone nìkan kọ́ ni wọ́n ń lù ú mọ́ o, ẹ́ńsáìmù míì tó ń jẹ́ PRMT5 ń lu tiẹ̀ mọ́ p53, prótíìnì tó ń ṣọ́ sẹ́ẹ̀lì wa.)

Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé òǹtẹ̀ yẹn ṣeé pa rẹ́. Ọ̀pọ̀ ò gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, àfìgbà tí wọ́n rí LSD1 ní 2004, ẹ́ńsáìmù tó ń nu òǹtẹ̀ methyl kúrò lára histone. Wọ́n tiẹ̀ ti ṣe oògùn kan, tazemetostat tó ń dí EZH2 lọ́wọ́, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2020 fún irú sarcoma kan tí ò wọ́pọ̀, ìyẹn jẹjẹrẹ inú ẹran ara. Ẹ má sáré o, kì í ṣe oògùn gbogbo jẹjẹrẹ. Àwọn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé àìsí EZH2 gan-an ló ń dá kún un, irú ẹ́ńsáìmù kan náà, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹlòmíì á gbọ́ pé inú methionine, èròjà kan tó wà nínú ẹran àti ẹyin, ni ara ti ń rí methyl yìí, ló bá pa ẹran tì, ló pa ẹyin tì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò láìbi dókítà yín. Ẹni tó bá ti rù kì í fara da kẹ́mò dáadáa, ohun tí mo sì ń bá wọn jà lé lórí jù nìyẹn.