Bí Ìwé Àtìgbàdégbà Lítíréṣọ̀ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe Ń Di Títẹ̀ Jáde

Ìkéde ni gbogbo rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá kàn ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ a máa kó àròkọ kíláàsì jọ. Ó yẹ kó sọ irú iṣẹ́ tí wọ́n ń gbà, bó ṣe lè gùn tó, iye ewì tí ẹnì kan lè fi sílẹ̀, àti ọjọ́ tí wọn kò ní gbà mọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ló yẹ kó máa gba iṣẹ́ wọlé. Yóò yọ orúkọ òǹkọ̀wé, yóò fi nọ́ńbà rọ́pò rẹ̀, kó tó pín in fún àwọn tí yóò kà á. Nílé ìwé, tọ̀tún tòsì ló mọ ara wọn. Bí orúkọ bá hàn, iṣẹ́ ọ̀rẹ́ ni yóò máa wọlé. Ènìyàn méjì ni yóò ka iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹnì kẹta á dá sí i bí ọ̀rọ̀ wọn kò bá ṣọ̀kan. Bí olóòtú bá fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí wọn kò gba iṣẹ́ rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ rí èsì gbà, nítorí ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa jẹ́ kí àjèjì ka ọ̀rọ̀ wọn nìyẹn.

Àtúnṣe ló ń gba àkókò jù, òun ló sì ń sọ akẹ́kọ̀ọ́ di òǹkọ̀wé. Olóòtú tó mọṣẹ́ kì í gba kálámù lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́. Ìbéèrè ló ń kọ sí etí ìwé: ta ló ń sọ̀rọ̀ níbí? Kí ni ìlà yìí fi kún èyí tó wà lókè rẹ̀? Òǹkọ̀wé ni yóò padà lọ ronú, òun náà ni yóò yan èyí tó wù ú.

Lẹ́yìn náà ló kan títò sórí ojú-ewé. Bí ojú-ewé bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ìlà ewì á ṣẹ́ níbi tí akéwì kò ti fẹ́ kó ṣẹ́. Iṣẹ́ Yorùbá tún ní wàhálà tirẹ̀: lẹ́tà bíi ẹ́ àti ọ̀ kò ní kóòdù kan ṣoṣo lórí kọ̀ǹpútà, ṣe ni wọ́n ń so àmì ohùn mọ́ lẹ́tà. Irú lẹ́tà (fọ́ǹtì) tí kò bá gbé e dáadáa á ju àmì náà sí ẹ̀gbẹ́. Ó dára kí wọ́n dán an wò kí wọ́n tó to ojú-ewé kankan.

Bí wáyà ni wọ́n máa fi gún ìwé náà láàárín, iye ojú-ewé gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí mẹ́rin, torí bébà kan tí a ká sí méjì ń di ojú-ewé 4. Ojú-ewé 36 tàbí 40 ṣeé ṣe, 38 kò ṣeé ṣe. Ìdí nìyí tí ewì kúkúrú kan tàbí àwòrán fi máa ń wọlé nígbẹ̀yìn. Àwòrán náà gbọ́dọ̀ tó 300 dpi, ìyẹn àmì kéékèèké 300 nínú ínǹṣì kan, ní ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Èyí tó dán lórí fóònù lè rí bàìbàì lórí bébà.

Kí ilé ìtẹ̀wé tó bẹ̀rẹ̀, ènìyàn méjì á jókòó ti ẹ̀dà àyẹ̀wò: ọ̀kan ń ka ojúlówó iṣẹ́ òǹkọ̀wé sókè, èkejì ń fojú bá a lọ lórí ẹ̀dà náà. Orúkọ àwọn òǹkọ̀wé ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ̀dà àkọ́kọ́ jẹ́ ti àwọn tó kọ iṣẹ́ inú rẹ̀, méjì á lọ sí ilé ìkàwé, fáìlì àti àkọsílẹ̀ gbogbo á sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn olóòtú tó ń bọ̀.