Ohun tí páílọ́ọ̀tì ń kà lórí rọ́nwè kó tó balẹ̀

Bí ọyẹ́ bá mú gan-an lóṣù kìíní, èrò á kún pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà fọ́fọ́, inú á sì máa bí wọn. Wọ́n ń yọjú lójú fèrèsé, wọ́n ń rí bàlúù tó dúró síta, kí ló wá dé tí wọn ò fò? Ṣùgbọ́n bàlúù tó dúró jẹ́ẹ́ kọ́ là ń sọ. Páílọ́ọ̀tì tó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ láti òkè, ṣé yóò rí iná àti ọ̀dà tó wà nílẹ̀ kí àyè tó tán?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí nọ́ńbà tí wọ́n kọ gàdàgbà sórí rọ́nwè, ojú ọ̀nà tí bàlúù ń balẹ̀ sí. Méjì ni rọ́nwè Ìkẹjà, 18 ni àwọn méjèèjì ń jẹ́ láti ìhà kan, 36 láti ìhà kejì. Kọ́ńpáàsì ni wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ. Ẹni tó kọjú sí gúúsù, nǹkan bí 180 ni kọ́ńpáàsì rẹ̀ máa kà; wọ́n gé òdo ìdí rẹ̀ kúrò, ó ku 18. Ẹni tó gba òdìkejì wọlé kọjú sí àríwá, 360, ìyẹn 36. Torí pé wọ́n jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n fi L mọ ti òsì, R mọ ti ọ̀tún. Nọ́ńbà yìí kì í ṣe títí ayé o, nítorí àríwá tí kọ́ńpáàsì mọ̀ ń ṣí kiri díẹ̀díẹ̀. Ní 2009, wọ́n pa 05/23 rẹ́ ní pápákọ̀ Stansted tó wà nítòsí Lọ́ńdọ́nù, wọ́n kọ 04/22 dípò rẹ̀.

Ìlà funfun tó tò lọ bí eyín dùùrù ní ẹnu rọ́nwè ń sọ bó ṣe fẹ̀ tó: 12 fún mítà 45, 16 fún mítà 60. Fífẹ̀ yìí ṣe pàtàkì, torí rọ́nwè tóóró a máa tan ojú jẹ. Ẹni tí fífẹ̀ ti mọ́ lára á rò pé òun ṣì ga, á wá máa rẹlẹ̀ jù.

Ẹnu rọ́nwè gan-an kọ́ ni páílọ́ọ̀tì ń fojú sùn. Bí rọ́nwè bá gùn tó mítà 2,400, búlọ́ọ̀kù funfun méjì wà ní mítà 400 sínú: ibẹ̀ ló ń wò. Bí àmì yẹn bá ń gòkè lójú gíláàsì iwájú, ọkọ̀ ò ní dé ibi tó yẹ kó tó kanlẹ̀. Bó bá ń sọ̀kalẹ̀, yóò kọjá rẹ̀. Iná mẹ́rin tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́nwè tó ń ran ojú lọ́wọ́: bó bá rí funfun méjì, pupa méjì, ọkọ̀ gún; bó bá rí pupa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọkọ̀ ti rẹlẹ̀ jù.

Ibi tí ojú nílò jù lọ yìí náà ni táyà ń bà jẹ́ jù lọ. Táyà tí kò yí rárá ló ń kanlẹ̀ lórí eré. Á fín, á yọ́, á fi rọ́bà dúdú kun ọ̀dà funfun. Omi tó ń tú jáde tagbáratagbára ni wọ́n fi ń ṣí i kúrò. Wọ́n á wá tún un kùn, wọ́n á da bíńtín-bíńtín gíláàsì sórí ọ̀dà kí iná ọkọ̀ lè máa ta padà sójú páílọ́ọ̀tì.

Nínú ọyẹ́, ọ̀dà kọ́ ló ń kọ́kọ́ yọ. ILS, ẹ̀rọ tó ń fi rédíò tọ́ ọkọ̀ wálẹ̀, èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀ máa ń gbé e dé 200 ẹsẹ̀ bàtà, páílọ́ọ̀tì sì gbọ́dọ̀ rí nǹkan níbẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó gòkè padà. Lórí ìwọ̀n yẹn, ó ṣì ku nǹkan bí mítà 870 kó dé ẹnu rọ́nwè, bẹ́ẹ̀ mítà 550 péré ni òfin ní kí ojú lè ríran dé lórí rọ́nwè. Kí ló fẹ́ rí? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń to iná síwájú rọ́nwè, tó tó mítà 900. Bí ILS ò bá sí, ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lóṣù kejì 2020, ILS tuntun tí wọ́n ń fi sí Ìkẹjà kò tíì ṣe é lò nígbà tí ọyẹ́ bo Èkó. Àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti òkè òkun lọ balẹ̀ sí Accra.

Ojú ọjọ́ tó mọ́ náà kì í gba èèyàn tán. Lóru kan lóṣù keje 2017, wọ́n ti ti rọ́nwè 28L pa ní San Francisco, wọ́n sì pa iná rẹ̀. Páílọ́ọ̀tì Air Canada, tí wọ́n ní kó balẹ̀ sórí rọ́nwè ọ̀tún, 28R, rí ọ̀nà méjì tó ní iná, ó sì mú èyí tó wà lọ́tùn-ún. Ti ọ̀tún yẹn, táasíwéè ni, ọ̀nà tí bàlúù ń rìn gbà lọ sí rọ́nwè, iná rẹ̀ kì í ṣe funfun, bàlúù mẹ́rin tó kún fún èrò sì tò sórí rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn páílọ́ọ̀tì tó wà nílẹ̀ ló figbe ta lórí rédíò pé orí táasíwéè ló wà yẹn. Ọkọ̀ náà ti rẹlẹ̀ dé nǹkan bí 60 ẹsẹ̀ bàtà kó tó gbérí.