Kànga Tó Di Àwátì Lábẹ́ Ọ̀dà

"Ẹ̀gbọ́n, a ò rí kànga yẹn mọ́ o." Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn tó ń bójú tó ilé epo ní Adó-Èkìtì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kànga tí wọ́n ń wí kì í ṣe èyí tí à ń pọn mu. Kànga ìṣọ́ ni, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tí a gbẹ́ sítòsí táǹkì abẹ́lẹ̀, tí a ki páìpù bọ̀, ká lè máa fa omi ibẹ̀ yẹ̀ wò bóyá epo ti ń jò. Ẹnu rẹ̀ kò fẹ̀ ju ọmọrí ìkòkò ọbẹ̀ lọ. Wọ́n rọ ọ̀dà tuntun sójú àgbàlá, tàbí wọ́n to íńtálọ́ọ̀kì, kànga di àwátì.

Wọ́n á tún ní, "Ẹ kúkú gbẹ́ òmíràn fún wa." N kì í tètè gbà. Kànga tí ojú ò rí ṣì lanu sílẹ̀ lábẹ́ ibẹ̀. Bí ìdérí rẹ̀ bá sán, àgbàrá tó fọ epo ojú ilẹ̀ ti rí ọ̀nà tààrà dé ibi omi, iyẹ̀pẹ̀ kò ní ráyè sẹ́ ẹ. Orí àpáta la sì tẹ̀dó sí ní Èkìtì. Inú iyẹ̀pẹ̀ ibi tí àpáta ti jẹrà, àti inú ibi tó sán lára àpáta, ni omi wa wà. Ibẹ̀ náà ni kànga àfọwọ́gbẹ́ àdúgbò ti ń rí omi, títí kan èyí tí ìyá oníyán ẹ̀yìn ògiri fi ń se iṣu.

Kí n tó gbé ẹ̀rọ, mo máa ń béèrè plánì, àkọsílẹ̀ àwọn tó gbẹ́ kànga náà, àti fọ́tò àtijọ́. Mo sì máa ń bi mẹ́gáàdì tó bá ti pẹ́ níbẹ̀. Bàbá kan fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ fún mi lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ibi tí mò ń gbé àga sí rèé, apá ọ̀tún mi ló wà." Kò ju ìṣísẹ̀ méjì lọ tó fi ṣì í.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni magnetometer tó kàn, ẹ̀rọ tí ń wọn agbára òòfà ilẹ̀ ayé. Lọ́dọ̀ wa, agbára náà tó nǹkan bíi 33,000 nánótẹ́sílà (ìwọ̀n tí a fi ń wọn agbára òòfà), irin tó wà nínú ilẹ̀ á sì yí i díẹ̀. Ẹni tó gbé ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ bọ́ bẹ́líìtì onírin, kó fi fóònù àti kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, kó máa rìn ní poro-poro bí ẹni ń tọ ebè. Ní Amẹ́ríkà, ìlà òòfà ń wọlẹ̀ ṣòròṣòrò, páìpù irin tó dúró ṣánṣán sì máa ń yọ kedere bí òkè kan lórí àwòrán ohun tí ẹ̀rọ wọ̀n. Níbí, ìlà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú pátápátá. Òkè àti kòtò lè jọ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn ò sì lágbára tó bẹ́ẹ̀. Òkúta charnockite Adó àti Ìkẹ́rẹ́ tún ní òòfà tirẹ̀, ká má tíì sọ ti irin òrùlé ilé epo.

Bí páìpù bá jẹ́ oníke, magnetometer kò mọ̀ ọ́n, àfi ìdérí irin rẹ̀. Rédà abẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ tí ń rán ìgbì rédíò wọlẹ̀, lè rí oníke, ṣùgbọ́n ilẹ̀ pupa alámọ̀ tó mu omi yó máa ń gbé ìgbì náà mì. Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni mo fara mọ́ fún un, kí ìlà ìrìn sì súnra pẹ́kípẹ́kí.

Bí a bá rí i, a ó fi téèpù olójé wọn ìjìnlẹ̀ rẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá ṣì le, ká so páìpù mọ́ orí rẹ̀ kó ga dé ojú ilẹ̀, ká fún un ní ìdérí tuntun. Bí ó bá ti bàjẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da yanrìn tàbí òkúta sí i. Símẹ́ńtì àti amọ̀ bentonite tí a pò ni kí ẹ fi páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ rọ láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Èyí tí a bá dà láti ẹnu lè há sáàárín, kí ìsàlẹ̀ ṣófo.

Lẹ́yìn èyí ni ká wá gbẹ́ tuntun, nítòsí ti àkọ́kọ́, kí ojú alásẹ́ rẹ̀, ibi tí omi ń gbà wọ inú páìpù, wà ní ìjìnlẹ̀ kan náà. Ẹ fún un ní orúkọ tirẹ̀, ẹ má so àbájáde rẹ̀ mọ́ ti àtijọ́ bí ẹni pé kànga kan ṣoṣo ni. Kí ẹ tó bò ó, ẹ wọn ọ̀nà tó jìn sí igun ilé mẹ́ta, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì ri ọ̀pá irin kékeré kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ páìpù oníke náà, kí ẹ̀rọ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí nǹkan gbá mú.