Bí Halima ṣe di Àlímọ́tù

Lẹ́tà mẹ́ta ni orúkọ Halima dúró lé nínú èdè Lárúbáwá: ha, lam àti mim. Inú gbòǹgbò yìí ni "hilm" ti hù jáde. Sùúrù la sábà máa ń túmọ̀ rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n sùúrù nìkan kò kájú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, tó lágbára àtigbẹ̀san, tó wá kó ara rẹ̀ níjàánu, òun ló ní hilm. Ọkùnrin oníwà bẹ́ẹ̀ ni halim. Al-Halim sì wà lára àwọn orúkọ Ọlọ́run. Fi "a" kún un lẹ́yìn, ó di ti obìnrin.

(Gbòǹgbò kan náà ló ní hulm, ìyẹn àlá, àti halama, ìyẹn orí ọmú. Ti orí ọmú yìí ń pa mí lẹ́rìn-ín, nítorí ọmú gan-an ló sọ orúkọ náà di ńlá.)

Halima ni orúkọ obìnrin ará aginjù, ọmọ ìran Banu Sa'd, tó fún Ànábì Muhammad lọ́mú. Àwọn ará Mẹ́kà a máa gbé ìkókó wọn fún àwọn obìnrin ìgbèríko tọ́. Ìtàn sọ pé ọ̀dá dá lọ́dún náà, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Halima rù débi pé kò lè bá ẹgbẹ́ rìn. Kò sí obìnrin tó fẹ́ gba Muhammad, torí bàbá rẹ̀ ti kú: ta ni yóò sanwó? Nígbà tí Halima ò rí ọmọ mìíràn, ó padà lọ gbé e. Bí wọ́n ṣe ń darí lọ sílé, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ọjọ́sí ló wá ń ṣíwájú gbogbo wọn. Halimatu s-Sa'diyya ni wọ́n ń pè é, Halima ti ìran Sa'd.

"Tu" yẹn ni kí ẹ wò. "T" kan fara pa mọ́ sídìí orúkọ obìnrin bẹ́ẹ̀ ní Lárúbáwá. Bí èèyàn bá dánu dúró, kò ní gbọ́ ọ; bí ọ̀rọ̀ mìíràn bá tẹ̀ lé e, á jáde, pẹ̀lú "u" tí gírámà fi kún un. Lárúbáwá ẹnu òde òní ti pa "u" yẹn tì. Yorùbá ò pa á tì, Haúsá náà ṣì ń pe Halimatu. Nítorí náà, ẹni tó bá ní àwa la ba orúkọ náà jẹ́, kò tíì wo ìdí rẹ̀.

Ohun tí a yí padà wà o. A gbé "h" jù nù, bí a ti ṣe fún Khadija tó di Àdíjátù. "Ma" wá di "mọ́", torí "m" máa ń fa fáwẹ̀lì ẹ̀yìn rẹ̀ sí imú: Fátímọ́tù, Mọ̀mọ́dù. Rùkáyátù tí kò ní "m" di "a" tirẹ̀ mú. Kì í ṣe òfin ṣá, Màlíkì wà níbẹ̀ tí kò yí padà. S-Sa'diyya di Sàdíà, ọ̀pọ̀ òbí sì ń sọ méjèèjì pọ̀ fún ọmọ kan: Àlímọ́tù Sàdíà.

Alimotu ni olórí àwọn obìnrin ọjà Èkó ń jẹ́, Alimotu Pelewura, tó kú ní 1951. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń kọ Halimat: "h" padà dé, "u" lọ, "t" jókòó síbẹ̀. Halimat ló wà nínú ìwé ìbí. Àlímọ́ ni ìyá àgbà ń pè láti yàrá.