Ibi tí Íntánẹ́ẹ̀tì Ilé ti Ń Fà, àti Bí A Ṣe Ń Wá A Rí

Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ilé bá ń fà, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Òṣogbo máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n pa ràútà, kí wọ́n sì tún un tàn. Bí ìyẹn kò bá yanjú ọ̀rọ̀ náà, wọ́n á ra ètò tó wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tàbí kí wọ́n kúrò lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn. Owó á ti lọ, íntánẹ́ẹ̀tì á sì tún máa fà, nítorí pé kò sí ẹni tó kọ́kọ́ wádìí ibi tí ó ti ń fà. Ipa mẹ́ta ni ọ̀nà tí dátà ń gbà: láti orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà dé ìdí ràútà, láti ìdí ràútà dé ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì, àti láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tó ni ohun tí a fẹ́ wò. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn bá ti ń fà, gbogbo rẹ̀ ló fà yẹn.

Wáyà ni a fi ń ya inú ilé sọ́tọ̀ kúrò lára ìta. A ó fi wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì so kọ̀ǹpútà mọ́ ẹ̀yìn ràútà tààrà, a ó pa Wi-Fi orí kọ̀ǹpútà náà, a ó sì ní kí àwọn ará ilé yọ fóònù wọn kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí a tó fi ojúlé ìdánwò ìyára íntánẹ́ẹ̀tì wọ̀n bí ó ṣe ń sáré tó. Lẹ́yìn náà ni a ó yọ wáyà, tí a ó gbé kọ̀ǹpútà kan náà lọ sí yàrá tí ẹjọ́ ti ń wá, tí a ó sì tún un wọ̀n. Bí wáyà bá gbé iye tí a sanwó fún wá, tí ti yàrá kò sì ju ìdá mẹ́rin rẹ̀ lọ, inú ilé ni àléébù wà, ilé-iṣẹ́ kò jẹ̀bi. Bí méjèèjì bá ń fà bákan náà, ìta ni kí a kọjú sí. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ná kọ́bọ̀ kí ó tó ṣe ìdánwò yìí.

Ẹ jẹ́ kí ìṣirò rẹ̀ náà yé wa. Mbps tí wọ́n kọ sára ètò tí a rà, mílíọ̀nù bíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni ó ń kà, báìtì sì ni fóònù fi ń sọ bí fáìlì ṣe tóbi tó, bẹ́ẹ̀ bíìtì 8 ni ó wà nínú báìtì kan. Nítorí náà, ẹni tó ra 40 Mbps, tó sì rí i pé fáìlì ń wọlé ní MB 5 (mílíọ̀nù báìtì 5) ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ti gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ pé.

Ó yẹ kí a fura sí wáyà náà pàápàá. Bí a bá gbé orí rẹ̀ súnmọ́ ojú, wáyà wẹ́wẹ́ 8 ni a ó rí nínú rẹ̀, ní méjì-méjì: àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ ewé, búlúù àti búráùn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìkejì abílà funfun. Mẹ́rin péré ni 100 Mbps ń lò, ṣùgbọ́n mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ni 1000 Mbps ń fẹ́. Bí eku bá gé ọ̀kan nínú mẹ́rin yòókù, tàbí tí ẹni tó fi orí sí i kò tẹ̀ ẹ́ wọlé dáadáa, ràútà àti kọ̀ǹpútà á padà sí 100 láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ẹni tó ń sanwó 200 Mbps á sì máa rí nǹkan bíi 94 lójoojúmọ́.

Bí ó bá jẹ́ pé Wi-Fi ni, ilé fúnra rẹ̀ ni kí a wò. Ògiri búlọ́ọ̀kù, dẹ́kìn tó kún fún irin, irin ojú fèrèsé àti dígí ńlá, gbogbo wọn ni wọ́n ń gbé ìgbì rédíò mì tàbí tí wọ́n ń dá a padà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé ràútà sí, ní igun ilé tó jìnnà jù sí yàrá. Àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, lókè díẹ̀, ni ó dára jù. Irú ìgbì méjì ni Wi-Fi sábà ń lò, 2.4 GHz àti 5 GHz. Ìgbì 2.4 GHz ń la ògiri kọjá ju 5 GHz lọ, ṣùgbọ́n àyè rẹ̀ há: ojú ọ̀nà (channel) mẹ́ta péré, 1, 6 àti 11, ni kò gun ara wọn lórí nínú rẹ̀. Ní àdúgbò bíi Òkè-Baálẹ̀, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ UNIOSUN, yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, pọ̀ sí, tí yàrá kọ̀ọ̀kan nínú ilé kan lè ní MiFi (ràútà kékeré alágbèéká tó ń lo síìmù) tirẹ̀, gbogbo wọn ló ń du ojú ọ̀nà mẹ́ta yìí. Ẹni tó bá wà nítòsí ràútà rẹ̀ yóò rí ìrọ̀rùn bí ó bá bọ́ sí 5 GHz. Ohun kan tún wà tí àwọn ènìyàn kì í fura sí: fóònù kan ṣoṣo tó wà lọ́nà jíjìn, tí Wi-Fi rẹ̀ kò lágbára, á máa pẹ́ kó tó gba ìwọ̀nba dátà tirẹ̀, àwọn yòókù á sì máa dúró dè é.

Fífi nǹkan ránṣẹ́ náà ń fa ìdádúró, èyí sì ni mo rò pé a máa ń gbójú fò jù. Ẹ̀rọ tó ń gba fáìlì gbọ́dọ̀ máa dá ẹni tó fi í ránṣẹ́ lóhùn pé ó ti dé. Bí kámẹ́rà ẹnu géètì bá ń gbé fídíò lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí fóònù sì ń kó fọ́tò ọjọ́ ìnáwó lọ pamọ́, ọ̀nà àlọ á kún, èsì wọ̀nyẹn á sì há sẹ́yìn. A ó wá máa sọ pé fídíò tí à ń wò kò lọ, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀nà ìdà-kejì ni ó dí. Kí a dá kámẹ́rà àti fọ́tò náà dúró, kí a sì tún wọ̀n.

Ní ti ìta, ó kù sí irú ọ̀nà tí íntánẹ́ẹ̀tì gbà wọlé. Nínú okùn fáíbà, ìmọ́lẹ̀ ni ó ń gbé dátà, bí okùn náà bá sì ká jù lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ìmọ́lẹ̀ á máa jò jáde níbẹ̀. Iná pupa LOS lára ẹ̀rọ fáíbà inú ilé túmọ̀ sí pé ìmọ́lẹ̀ kò dé rárá. Ṣùgbọ́n ó lè dé láìlágbára, iná pupa kò sì ní tàn. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ GPON, irú ètò fáíbà tí ọ̀pọ̀ ilé jọ ń pín, àárín -8 àti -27 dBm, ìyẹn ìwọ̀n agbára ìmọ́lẹ̀, ni ó yẹ kí ó wà. Ní Amẹ́ríkà, wáyà tẹlifíṣọ̀n ni ó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọ ọ̀pọ̀ ilé, ibi tí wọ́n bá sì ti pín in sí méjì, ó lé ní ìdajì agbára tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń pàdánù. Wọ́n máa ń yọ irú ìpín bẹ́ẹ̀ kúrò kí wọ́n tó wá nǹkan mìíràn. Ní ti ràútà tó ń lo síìmù, ojú fèrèsé tó kọjú sí òpó ilé-iṣẹ́ tó ni síìmù náà ni kí a gbé e sí. Yálà fáíbà ni tàbí òpó, àwọn ará àdúgbò jọ ń pín in ni: bí ó bá ń sáré ní àfẹ̀mọ́júmọ́ tó sì ń fà ní aago mẹ́jọ alẹ́, èrò ló pọ̀ lójú ọ̀nà, kò sí ohun tí ènìyàn lè tún ṣe nínú ilé.

Ìgbà mìíràn, ibi tó jìnnà pátápátá ni ọ̀ràn wà. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn okùn abẹ́ òkun tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, bíi WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne, bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní Ivory Coast, íntánẹ́ẹ̀tì sì fà káàkiri Nàìjíríà. Bí a bá wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ẹ̀rọ tó wà ní Èkó tó sì sáré, tí àwọn ojúlé òkè-òkun nìkan ń fà, irú nǹkan báyìí ni kí a fura sí.

Kí a tó pe ilé-iṣẹ́, kí a kọ ohun tí wáyà gbé wá sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́, aago àti irú iná tó ń tàn lára ẹ̀rọ, ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́. Kí a gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn. Bí wọn kò bá wá nǹkan ṣe sí i, 622 ni nọ́ńbà ọ̀fẹ́ tí NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, fi ń gba ẹ̀sùn àwọn oníbàárà, nọ́ńbà ẹ̀sùn yẹn sì ni kí a ní lọ́wọ́ nígbà tí a bá ń pè wọ́n.