Obìnrin tó ń du ipò ààrẹ ní Nàìjíríà

Látìgbà tí Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dìbò yan ààrẹ lọ́dún 1979, kò tíì sí obìnrin tó wọlé, kò sì sí èyí tó ṣe igbákejì ààrẹ rí. Ìyẹn ò ní kéèyàn sọ pé wọn ò dù ú o. Láti 2003 wá, orúkọ obìnrin ti wà nínú ìwé ìdìbò ààrẹ lọ́pọ̀ ìgbà, àmọ́ àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké ló ń fà wọ́n kalẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti sábà máa ń dí ni ìdìbò abẹ́lé àwọn ẹgbẹ́ ńlá, níbi tí àwọn dẹ́lígéètì, ìyẹn àwọn aṣojú ọmọ ẹgbẹ́, ti ń yan olùdíje kí ará ìlú tó dé ibi àpótí rárá.

Sarah Jibril

Ọmọ ìpínlẹ̀ Kwara ni Sarah Jibril, kò sì sí obìnrin tí ọ̀rọ̀ ipò ààrẹ yìí mọ́ lára tó o, torí ó dù ú léraléra. Lọ́dún 2003 ẹgbẹ́ PAC fà á kalẹ̀, ó sì rí ìbò 157,560 lọ́wọ́ ará ìlú. Kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Olusegun Obasanjo tó wọlé, àmọ́ ìbò ni, kò sì jìnnà sí ti Gani Fawehinmi tó dù ú lọ́dún yẹn náà. Ọdún yẹn kan náà ni Major Mojisola Adekunle Obasanjo du ipò ọ̀hún lábẹ́ ẹgbẹ́ MMN.

Nígbà tó wá di January 2011, Jibril bá Goodluck Jonathan àti Atiku Abubakar díje nínú ìdìbò abẹ́lé PDP ní Eagle Square, Àbújá. Wọ́n dìbò, wọ́n ka ìbò títí ilẹ̀ fi mọ́: Jonathan ní 2,736, Atiku ní 805, Jibril ní 1. Ìbò kan ṣoṣo, nínú èyí tó lé ní 3,500, bẹ́ẹ̀ àwọn obìnrin wà láàárín àwọn dẹ́lígéètì yẹn, kì í ṣe pé wọn ò rí wọn níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun fúnra ẹ̀ ló di ìbò ọ̀hún fún ara ẹ̀. Jonathan padà fi ṣe olùdámọ̀ràn lórí ìwà ọmọlúàbí. Téèyàn bá gbé 157,560 yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ 1 yìí, ó jọ pé ará ìlú lójú àánú fún obìnrin ju àwọn olóyè ẹgbẹ́ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdìbò méjèèjì ò rí bákan náà.

Ohun tí òfin sọ

Abala 131 nínú ìwé òfin 1999 ní ẹni tó bá fẹ́ du ipò ààrẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú kan, ẹgbẹ́ náà ló sì gbọ́dọ̀ fà á kalẹ̀. Kò sí pé kéèyàn dá dúró. Funmilayo Ransome-Kuti, tó kó àwọn obìnrin Abẹ́òkúta jọ títí Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fi kúrò lórí ìtẹ́ lọ́dún 1949, ṣe ohun tí òfin òde òní ò gbà: nígbà tí ẹgbẹ́ NCNC ò fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì lọ́dún 1959, ó dá dúró du ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, bí kò tiẹ̀ wọlé. Lásìkò yẹn, àwọn obìnrin àríwá ò tíì lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò, ó di 1976.

Owó fọ́ọ̀mù náà ń bẹ níbẹ̀. Ní 2022 àpapọ̀ owó fọ́ọ̀mù ààrẹ APC jẹ́ 100 mílíọ̀nù náírà, àmọ́ wọ́n yọ̀ǹda 70 mílíọ̀nù nínú ẹ̀ fún obìnrin. Ẹ̀dínwó dáa, ṣùgbọ́n kì í bá èèyàn wá dẹ́lígéètì.

Láti 2015

Remi Sonaiya, ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Faransé ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, nìkan ni obìnrin nínú olùdíje 14 ní 2015, lábẹ́ ẹgbẹ́ KOWA. Ìbò 13,076 ló rí. Oby Ezekwesili yọwọ́ nínú ìdíje 2019 nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dìbò. Ní June 2022, Uju Ohanenye gun pèpéle níbi ìdìbò abẹ́lé APC, òun nìkan ni obìnrin, ó sì ní kí wọ́n dìbò fún Bola Tinubu. Ó di mínísítà ọ̀rọ̀ obìnrin lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Chichi Ojei ti ẹgbẹ́ APM ló kù nínú ìwé ìdìbò 2023, obìnrin kan láàárín ọkùnrin 17.

Àwọn tí wọ́n ń dárúkọ

Bí ìdìbò bá ti ń sún mọ́lé, àwọn èèyàn á tún máa dárúkọ Ngozi Okonjo-Iweala tó jẹ́ ọ̀gá àgbà WTO, àjọ ìṣòwò àgbáyé, àti Amina Mohammed tó jẹ́ igbákejì akọ̀wé àgbà UN. Sáà kejì Okonjo-Iweala di 2029 kó tó parí. Ibi iṣẹ́ òkè òkun sì ni orúkọ àwọn méjèèjì ti ń wá o, kì í ṣe ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù.

Ọ̀nà mìíràn wà tí àwọn obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà gbà dé ibẹ̀. Ellen Johnson Sirleaf ti Làìbéríà wọlé ìdìbò ní 2005, Netumbo Nandi-Ndaitwah ti Namibia ní 2024. Joyce Banda ní Malawi ní 2012 àti Samia Suluhu Hassan ní Tanzania ní 2021 ní tiwọn, igbákejì ni wọ́n kí ọ̀gá wọn tó kú. Bí Jonathan ṣe dé ibẹ̀ ní 2010 nìyẹn náà. Àmọ́ PDP àti APC ò tíì mú obìnrin ṣe igbákejì olùdíje ààrẹ rí.

Ipò igbákejì gómìnà ni wọ́n ti máa ń rí obìnrin. Láti 1999, Èkó nìkan ti ní mẹ́rin: Kofoworola Bucknor-Akerele, Sarah Sosan, Adejoke Orelope-Adefulire àti Idiat Adebule, tó wá di sẹ́nétọ̀ ní 2023. Kò sí ìkankan nínú wọn tó di gómìnà, a kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ orúkọ wọn nígbà tí wọ́n bá ń ka àwọn tó lè ṣe ààrẹ.